Fèrèsé Tí Káfíńtà Dí Pa

Ní ilé káfíńtà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, òórùn kéèkì ló máa ń jí wọn láàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyàwó rẹ̀ á ti tan sítóòfù gáàsì, á ti po ìyẹ̀fun pọ̀ mọ́ bọ́tà, ṣúgà àti ẹyin, á sì ti máa ti abọ́ kéèkì bọ inú ófúnù. Oníkéèkì ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ gan-an kì í pè é ní nǹkan mìíràn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọlé, á yọ orí sí ilé ìdáná, á ní, "Oníkéèkì, èwo ló fọ́ lónìí?" Kéèkì tó bá fọ́ ni tiwọn nínú ilé, èyí tó bá dúró dáadáa ni ti oníbàárà.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ẹnu-ò-sinmi ni ìnagijẹ rẹ̀, torí pé ọmọ náà lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ẹnu ọ̀nà iléèwé, kó sọ ọ́ délé, kó sọ ọ́ wọnú oúnjẹ, kó tó di pé oorun já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ẹnu rẹ̀ ò ṣe sinmi lẹsẹ̀ rẹ̀ ò sinmi. Kò sí ọmọkùnrin kan ládùúgbò tó lè bá a sáré kó má rí ẹ̀yìn rẹ̀. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá sọ fún káfíńtà pé, "Bàbá, ẹ máa tọ́jú bàtà dè é. Ọmọ yìí máa sáré fún iléèwé wa."

Ilé ìdáná wọn kò tóbi. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, òun náà sì kọjú sí títì. Lọ́jọ́ kan, Oníkéèkì fi ọwọ́ ìyẹ̀fun gbá itan, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Ọkọ mi, fèrèsé yìí ń yọ mí lẹ́nu. Atẹ́gùn ń pa iná mi, eruku títì ń bà lé kéèkì mi lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kan kọ́bọ́ọ̀dù fún gbogbo ayé, ẹ ò wá lè kan ọ̀kan síbẹ̀ fún mi?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ilé káfíńtà kì í ní àga tó dúró déédéé. N ó fi hàn ọ́ pé irọ́ ni wọ́n ń pa."

Kò fi falẹ̀. Ó yan igi tó dáa, ó fi pákó dí ojú fèrèsé náà pa, ó kan kọ́bọ́ọ̀dù lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó kùn ún títí tó fi ń dán bíi dígí. Àwọn aládùúgbò wá wò ó. Obìnrin kan tilẹ̀ ní, "Ẹ̀yin lẹ lọ́kọ." Oníkéèkì ń rẹ́rìn-ín, inú káfíńtà sì dùn. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láyé rẹ̀, kò sí èyí tó wù ú bíi kọ́bọ́ọ̀dù yẹn.

Láti ọjọ́ náà, atẹ́gùn ò pa iná mọ́, eruku ò bà lé kéèkì mọ́. Ilé ìdáná gbóná, ó sì ń ta sánsán. Ibẹ̀ ni Ẹnu-ò-sinmi ti máa ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀, lórí àpótí ìjókòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ófúnù, nítorí ìyá rẹ̀ fẹ́ kó wà nítòsí, òun náà sì fẹ́ ẹni tí yóò máa gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni, tó máa ń wá nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní omi dídì ló ń mu, wọ́n gba omi dídì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní áísíkiriìmù ni, wọ́n gba ìyẹn náà. Wọ́n ra oògùn ikọ́ oríṣiríṣi, pupa, dúdú, èyí tó dùn àtèyí tó korò. Bí ikọ́ náà bá lọ, á tún padà bí ẹni gbàgbé nǹkan sílé.

Lọ́jọ́ kan, káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọlé. Ọmọ rẹ̀ sá wá dì mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ikọ́ sì gbé e. Oníkéèkì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí ọmọ kúrò níbẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ o. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi. Ẹ wo ara yín. Eruku igi wà nírun yín, ó wà létí yín, ó kún aṣọ yín. Ọmọ yìí ló sì máa ń kọ́kọ́ dì mọ́ yín. Kí lẹ rò pé ó ń fà símú?"

Ọ̀rọ̀ náà dun káfíńtà, ṣùgbọ́n kò bá a jiyàn. Ó ti ń rò ó tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á láti sọ ọ́ síta.

Ó kó tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́yìnkùlé, ó lọ gba ibòmíràn tó jìnnà. Ibẹ̀ ló ti máa ń wẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń pààrọ̀ aṣọ kó tó máa bọ̀ nílé. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, bó bá ti rí i tí ọmọ ń sáré bọ̀, á na ọwọ́ síwájú bí ẹni dá ọkọ̀ dúró.

"Má dì mọ́ mi o, ọmọ mi. Eruku wà lára Bàbá."

"Ṣebí ẹ ti wẹ̀?"

"Mo wẹ̀, ṣùgbọ́n a ò mọ̀. Kí mi láti ibẹ̀ yẹn."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí i láti òkèèrè. Ó kọ́kọ́ ń rojú, nígbà tó yá ó mọ́ ọn lára.

Ẹ gbọ́, ikọ́ yìí kò lọ. Ṣe ló ń le sí i. Nígbàkígbà tó bá gbé ọmọ náà, Oníkéèkì á gbé ojú sókè wo ọkọ rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Káfíńtà á fi oúnjẹ sílẹ̀, á bọ́ síta, á jókòó lórí àtẹ̀gùn, á máa fi èékánná họ ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé eruku kan ṣì kù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbé báyìí. Wọn ò jà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó wà láàárín wọn ti dín kù. Kò yọ orí sí ilé ìdáná mọ́ láti béèrè kéèkì tó fọ́.

Ọdún tí iléèwé fẹ́ yan àwọn tí yóò sáré fún wọn, Ẹnu-ò-sinmi dúró láàárín eré. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó tẹrí ba. Àwọn tó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí ń kọjá lára rẹ̀. Nígbà tó délé, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Bàbá, ṣe ni àyà mi ń súfèé. Ó dà bíi pé ẹyẹ kan há síbẹ̀."

Káfíńtà ní kó sinmi, ara á balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó ń dùn ún títí dòní. Ọmọ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún, òun fi ìsinmi dá a lóhùn.

Lásìkò ìsinmi iléèwé, Oníkéèkì gba iṣẹ́ ńlá kan. Kéèkì ìgbéyàwó ni, alájà mẹ́rin, pẹ̀lú àwọn kéékèèké tí wọn yóò pín fún àwọn àlejò. Láti ìdájí ni ófúnù ti ń jó. Lórí sítóòfù, ìkòkò ṣúgà ń hó, ìkòkò wàrà ń hó. Ẹnu-ò-sinmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń fi ṣúgà dárà sí àwọn kéèkì kéékèèké lára, ó ń sọ ìtàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wọ bàtà òdìkejì lọ sí iléèwé. Ìyá rẹ̀ ń fetí kan gbọ́. Nígbà tó yá, ó ṣàkíyèsí pé ìtàn náà ti ń já. Ọmọ á sọ ọ̀rọ̀ méjì, á dákẹ́. Á sọ ẹyọ kan, á dákẹ́. Nígbà tó máa yíjú sí i, ọmọ ti di etí tábìlì mú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ètè rẹ̀ ti ń ṣú.

Wọ́n pe káfíńtà. Kò bọ́ aṣọ iṣẹ́, kò wẹ̀, bó ṣe wà ló ṣe sáré délé. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó wọ ọkọ̀ aládùúgbò wọn, wọ́n forí lé ilé ìwòsàn. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń gbọ́ ẹyẹ yẹn nínú àyà ọmọ rẹ̀. Ìgbà tó gbé e mọ́ra gbẹ̀yìn, kò rántí.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ń fín sọ́fun. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà rọlẹ̀, dókítà pe àwọn òbí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àsímà lọmọ yín ní. Ọ̀nà èémí rẹ̀ ló máa ń wú, tó máa ń fún pọ̀. Ó sì ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Kí ló wà nínú ilé tó lè máa ta á? Ṣé ẹnìkan ń mu sìgá?"

Káfíńtà kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Èmi ni, Dókítà. Káfíńtà ni mí. Eruku igi mi ló ṣe é."

"Inú ilé lẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

"Rárá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti kó o kúrò nílé."

"Látìgbà yẹn, ṣé ara rẹ̀ ń yá sí i?"

"Ó ń burú sí i ni."

Dókítà wo ọkọ, ó wo ìyàwó. "Kí lẹ fi ń dáná?"

"Gáàsì ni," Oníkéèkì dáhùn. "Mo máa ń yan kéèkì tà."

"Nínú ilé? Fèrèsé mélòó ló wà níbẹ̀?"

Ọkọ àti ìyàwó wo ara wọn lójú.

Nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n rán wolé-wolé sí wọn, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti ilé dé ilé. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, ó kúnlẹ̀ kí wọn kó tó wọlé. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe mọ́ sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí Oníkéèkì tan iná bó ṣe máa ń tàn án lójoojúmọ́, kó sì ti ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń tì í. Kò pẹ́ tí nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kò sì dúró. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n pa iná, kí gbogbo wọn jáde sí pálọ̀.

"Gáàsì kẹ̀?" Oníkéèkì ní. "Gáàsì tí kò rú èéfín? Igi ni ìyá mi fi dáná títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Torí kí n má bàa rí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ra gáàsì."

"Ẹ ṣe dáadáa, Ìyá. Gáàsì sàn ju igi lọ, ó sàn ju kẹrosíìnì lọ. Ẹ má padà sídìí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí iná tó ń jó tí kì í tu nǹkan sílẹ̀. Pé a ò rí i kò ní kó máà sí níbẹ̀."

"Bíi kí ni?" Káfíńtà ló béèrè.

"Bàbá, ọ̀kan wà tó máa ń ta ọ̀nà èémí, bíi kéèyàn máa fa ata gbígbẹ símú díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀. Ọmọ kékeré kì í lè gbà á mọ́ra bí àgbà, torí pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Bó bá ń fà á lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ọ̀nà èémí rẹ̀ lè máa wú. Bó bá sì ti ní àsímà lára, gbogbo ìgbà lá máa ta á jí. Òmíràn wà tí wọ́n mọ̀ pé ó lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, béèyàn bá fà á púpọ̀ tó sì pẹ́. Òmíràn tún wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Orí fífọ́ àti òòyì ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá pọ̀ nínú yàrá tó dé pa, ó lè pààyàn."

Oníkéèkì fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Orí máa ń fọ́ mi ní gbogbo ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀. Mo máa ń rò pé òórùn fàńílà ni."

Wolé-wolé padà wọ ilé ìdáná, ó fọwọ́ gbá kọ́bọ́ọ̀dù náà jẹ́jẹ́. Ìró rẹ̀ jẹ́ ti ibi tó ṣófo lẹ́yìn. "Iṣẹ́ yìí dáa o. Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Fèrèsé ni," káfíńtà ní. "Èmi ni mo dí i."

Ó tẹjú mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ẹ̀yìn náà ló béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Ṣé òun ló wá ṣe ọmọ mi báyìí?"

"Mi ò lè búra pé òun nìkan ni, Bàbá. Àsímà a máa ti inú ìdílé wá nígbà mìíràn. Eruku náà a máa dá kún un, kíkó tẹ́ ẹ kó iṣẹ́ yín kúrò nílé kò burú. Ṣùgbọ́n yàrá tí iná ń jó nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò ní ibi tó máa gbà jáde, ọmọ yìí ò lè sàn níbẹ̀."

Nígbà tí wolé-wolé lọ tán, Oníkéèkì jókòó sórí àpótí tí ọmọ rẹ̀ máa ń jókòó sí.

"Ọkọ mi, ẹ dárí jì mí. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wò yín yẹn."

"Kí lo fẹ́ kí n dárí rẹ̀ jì? Ṣé ìwọ lo kàn án ni?"

"Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ kàn án."

"Èmi káfíńtà ló yẹ kí n mọ ohun tí fèrèsé wà fún."

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ìta ni wọ́n ti ń wá a kiri, lára aṣọ, lára irun, nínú áísíkiriìmù, ó sì wà nínú yàrá tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni káfíńtà kó irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé, ó ń tú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò tètè tú. Ó ti kàn án dáadáa, ó ti fi àtè lẹ̀ ẹ́, gbogbo ìṣó ló wọlé ṣinṣin. Iṣẹ́ tó fi gbogbo ọkàn ṣe ló wá ń bá a jà. Nígbà tí pákó tó gbẹ̀yìn já, ìmọ́lẹ̀ wọlé, atẹ́gùn wọlé. Oníkéèkì sì gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọkọ rẹ̀ má bàa rí omijé lójú rẹ̀.

Wọ́n fi fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta sára ògiri. Wọ́n pe ẹni tó ń tún sítóòfù ṣe, ó fọ gbogbo ojú iná, torí pé iná kan níbẹ̀ ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọmọ kò jókòó sí ilé ìdáná mọ́ bí iná bá ń jó. Láàárín oṣù díẹ̀, ikọ́ dín kù púpọ̀.

Ó dín kù, kò tán. Dókítà sọ fún wọn láìfi bọpo bọyọ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí nǹkan ti ń ta láti kékeré lè má dàgbà tó bó ṣe yẹ, àti pé ohun tí ọdún púpọ̀ ti bàjẹ́, fèrèsé ṣíṣí kò lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹnu-ò-sinmi ti di ọ̀dọ́langba báyìí. Oògùn fífín kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Kò sáré fún iléèwé rí. Ó ṣì ń sọ ìtàn, ṣùgbọ́n ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀, àwọn tó ń gbọ́ ọ sì ti kọ́ láti dúró dè é.

Nígbà tí ọ̀ràn náà rọlẹ̀, bàbá rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, o lè dì mọ́ mi báyìí o." Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ojú tì í díẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo ti dàgbà." Kò sọ ọ́ láti fi bú u. Òótọ́ ni, ó ti dàgbà.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pe káfíńtà yìí báyìí pé kó wá kan kọ́bọ́ọ̀dù sí ilé ìdáná, ibi tí fèrèsé wà ló kọ́kọ́ ń béèrè. Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé ní òun fẹ́ kó dí fèrèsé ilé ìdáná òun pa, torí pé kò bá ilé mu. Káfíńtà bẹ̀ ẹ́, ó sọ ìtàn ilé ara rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní kó pẹ̀lẹ́, ó sì lọ pe káfíńtà mìíràn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin alágbàtọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dáná tà nínú ilé, a ò ní kẹ́ ẹ da gáàsì nù. Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún kò le. Ẹ ṣí fèrèsé kẹ́ ẹ tó tan iná, ẹ má sì tètè tì í nígbà tẹ́ ẹ bá pa á. Bí fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta bá wà, ẹ tàn án, bí oúnjẹ tẹ́ ẹ̀ ń sè ò tiẹ̀ ju omi tíì lọ. Ẹ de ìkòkò yín kí oúnjẹ lè tètè jinná, kí iná má jó pẹ́. Ẹ wo àwọ̀ iná yín. Búlúù ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ti ń pọ́n tàbí tó ń fi dúdú sí ìdí ìkòkò, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Nígbà òtútù, ẹ má fi sítóòfù gáàsì yá yàrá láéláé. Ẹ má jẹ́ kí ilé ìdáná jẹ́ ibi tí ọmọ kékeré ti ń ṣeré tàbí tó ti ń kàwé bí iná bá ń jó, bó ti wù kẹ́ ẹ fẹ́ràn kó wà nítòsí yín tó.

Bórí bá sì ń fọ́ yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín nídìí iná, ẹ pa á, kẹ́ ẹ jáde síta ná. Bí ikọ́ ọmọ bá ń lọ tó ń bọ̀, tó bá ní àyà òun ń súfèé, tí kò lè sáré bíi tàná mọ́, ẹ má fi oògùn ikọ́ pa á lẹ́nu mọ́, ẹ má sì tètè wá ẹni tẹ́ ẹ máa di ẹ̀bi rù. Ẹ gbé e lọ fún dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ irú iná tẹ́ ẹ fi ń dáná fún un, bí kò tiẹ̀ béèrè. A lè ra sítóòfù mìíràn, a lè kan kọ́bọ́ọ̀dù mìíràn. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fún un.